N Ò Jí Ire

Èmi ni mo máa ń ru jẹnẹrétọ̀.
Ẹ má wá orúkọ mi lára páálí kásẹ́ẹ̀tì,
kò sí níbẹ̀.
Láti Ìjẹmọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé Sápọ́n, lórí òkúta, lórí àtẹ̀gùn,
epo ń ro sí mi lọ́rùn,
Bámitálẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gìtá
tí ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íjàyè tà fún un ní gbàǹjo
nígbà tí wọ́n ra tuntun.
Okùn márùn-ún ló bá a dé. Ìkẹfà, wáyà búréèkì ọ̀kadà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, oòrùn ń yan àpáta bí ẹni yan àgbàdo,
òun wọ súẹ́tà bósíkọ́rọ̀
tó já ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì.
Ìyá rẹ̀, tí aró Ìtòkú ti pa ọwọ́ rẹ̀ dà,
ní, "Ọmọ mi, òtútù wo ló ń mú ọ?"
Ó ní, "Ti inú ni, màmá."
A rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni.

Á rọra bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn,
lẹ́yìn náà ohùn á ya,
páànù tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta,
ọmọdé á di etí, ajá á dìde.
Alẹ́ àkọ́kọ́, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbarà,
wọ́n sọ ọ̀rá píọ́wọ́tà lù ú.
Ó mu èyí tí kò bẹ́.

Orin tó gbé e jáde kò ju ìlà mẹ́rin lọ:
    Ẹ má bi mí bóyá mo jí ire.
    N ò jí ire.
    Mo jí ṣáá ni.
    Ilẹ̀ ló mọ́, èmi kọ́.

Ta ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá?
Ilé jó, a dúpẹ́.
Owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ kò dé
láti ọdún tí réluwé ti dákẹ́ ní Làfẹ́nwá,
a dúpẹ́ náà ni.
Pásítọ̀ ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní igbó ni.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà kọ ọ́ sára ògiri.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí wọn, wọ́n pọ̀ bí eéṣú,
wọ́n ń fò, wọ́n ń pariwo pé àwọn ò jí ire,
ojú wọn sì ń dán.

Ọkùnrin kan ti Èkó wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn.
Ó ní kó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.
Ó ní kó yí orin náà sí "Mo Jí Ire",
àwọn tó ń ta wàrà inú agolo fẹ́ fi polówó.
Bámitálẹ́ buwọ́ lùwé.
Mo bi í léèrè. Ó ní, "Òrùlé màmá ń jò."

Òrùlé ò jò mọ́.
Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò.
Ẹ̀ẹ̀mejì la gbé e lọ sí Arò, ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde,
ó sanra díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí okùn.
Ó ní nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀
tó máa ń bi òun pé, "Báwo lo ṣe jí?"
tí yóò sì dúró gbọ́ èsì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú ọyẹ́, mo ń tú pọ́lọ́ọ̀gì,
ó kọjá, kò wọ súẹ́tà.
"Bámi, ṣé o jí ire?"
"Mo jí ire, ẹ̀gbọ́n."
Inú mi dùn. Mo padà sídìí pọ́lọ́ọ̀gì mi.

Ó yẹ kí n ju sípánà sílẹ̀.

Bámitálẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.
Kò bá ẹnikẹ́ni dé ọ̀sán.

Ìyá rẹ̀ ri súẹ́tà náà sínú aró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kò mu aró. Ọ̀rá ni, kì í ṣe òwú.
Kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́dọ̀ mi. Yàrá ẹ̀yìn la ti gbà á sílẹ̀,
fèrèsé ṣí.
Bí ẹ bá tẹ́tí lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ gbùùù kan.
Èmi nìyẹn.
Orin á tán,
á ṣì máa dún.